Fọ́tò Olóyè Ọ̀jẹ́làbí àti Ọwọ́ Tó Ṣẹ́ Kù Lórí Orúnkún Rẹ̀

Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù mi yìí, tẹ́ ẹ ń dúró de àga tí mi ò tíì kàn tán, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ìdí tí àwọn àgbà ìlú wa fi ń pa á lówe pé, "Ẹni tó ní àfi kí òun kún férémù, etí rẹ̀ ni yóò sùn síta"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú yín. Ẹ kàn ń mi orí bí alángbá ni. Pàápàá ìwọ tó o jókòó sórí pákó yẹn, ìwọ tó o ní àfi kí n kan bẹ́ẹ̀dì tó máa kún yàrá rẹ láti ògiri dé ògiri. Súnmọ́ ibí dáadáa, ìwọ ni ìtàn yìí ń bá wí.

Òwe àtijọ́ ni o. Ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín! Òwe tó bá ti lo ọdún mẹ́ta lẹ́nu àwọn ará ìlú wa tí kò tíì kú, àgbà òwe ni. Ojú mi ló ṣe, ọwọ́ mi yìí ló sì kan férémù tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ fún yín lọ́nà mìíràn, ẹ bi í bóyá òun ló kan férémù.

Gbogbo yín lẹ ti wọ gbọ̀ngàn ìlú Òkè-Ọsàn rí, ṣùgbọ́n ẹ ò mọ̀ pé ọdún méjìlélógójì la fi kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ̀yìn ìyá mi ni mo ṣì wà. Wọ́n mọ ọ́n dé ojú fèrèsé, wọ́n sinmi. Wọ́n mọ ọ́n dé ìdí òrùlé, wọ́n tún sinmi. Ewúrẹ́ bímọ síbẹ̀, àwọn ọmọ ewúrẹ́ náà dàgbà, àwọn náà tún bímọ síbẹ̀. Nígbà tó wá parí, inú wa dùn débi pé àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi fi tẹlifíṣọ̀n ńlá kan ta wá lọ́rẹ. Kì í ṣe fíìmù ló ń ṣe o, fọ́tò nìkan ló ń gbé jáde. Wọ́n ní ká máa fi ojú àwọn tó tún ìlú ṣe han àwọn ọmọ wa níbẹ̀.

Tẹlifíṣọ̀n náà tó ìlẹ̀kùn. Ògiri tó wà lẹ́yìn àga àwọn ìjòyè sì há sáàárín fèrèsé méjì, kò gba tẹlifíṣọ̀n náà ní ìbú. Kí ni mo ṣe? Mo gbé e nàró bí ìlẹ̀kùn, mo fi igi ìrókò ṣe férémù yí i ká, mo kàn án mọ́ ògiri gbọn-in gbọn-in. Ó dúró, ó wuyì, mo yin ara mi. Ẹ fi nàró yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Olóyè Ọ̀jẹ́làbí, Ọ̀tún ìlú wa, ni gbogbo wa fẹnu kò sí pé kí fọ́tò rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà tóbi, ó mọ̀ pé òun tóbi, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Bó bá ń bọ̀, ikùn rẹ̀ á kọ́kọ́ kí yín, òun fúnra rẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, mi ò ní parọ́. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lọ́dún ìpìlẹ̀ yẹn, nígbà tó sì sú àwọn tó kù, tí ewúrẹ́ gba ilé, òun nìkan ni kò dákẹ́ ẹnu títí a fi kan òrùlé. Ó yẹ ká yìn ín. A wá ní kí òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kóyèjọ, jọ ṣí ìlẹ̀kùn gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Sátidé, lọ́sàn-án gangan.

Fọ́tò ọjọ́ ìpìlẹ̀ la fẹ́ lò. Ìyá Fẹ̀yìntọlá ló yà á, ẹni tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìyá Onífọ́tò. Háà, obìnrin nìyẹn! Òun lobìnrin àkọ́kọ́ tó gbé kámẹ́rà kọ́rùn ní gbogbo agbègbè wa. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ń sọ pé obìnrin kò lè dá nìkan wọ yàrá òkùnkùn lọ fọ fọ́tò, ó wọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́, fọ́tò rẹ̀ sì mọ́ ju tiwọn lọ. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún nígbà tí mò ń wí yìí. Ó yọ fọ́tò náà nínú àpótí, ó jẹ́ kí Súbérù fi fóònù yà á, ó ní, "Ẹ rọra tọ́jú rẹ̀ o. Mo jìyà lórí ìyẹn." Ó sì padà lọ jókòó sílé rẹ̀.

Súbérù ni ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nídìí gáréèjì. Bẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó ní sùúrù láyé, ẹ má lọ jìnnà. Ó lè jókòó ti rédíò kan láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ kó má bú u lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́bọ̀ ló mú rìmóòtù, ó gbé fọ́tò náà sójú tẹlifíṣọ̀n. Fọ́tò ọ̀hún fẹ̀ ní ìbú, tẹlifíṣọ̀n mi sì nàró. Ó jáde lódindi, kò sí ohun tó gé nínú rẹ̀, àmọ́ àárín ló dúró sí, ó kéré, òkè rẹ̀ dúdú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà dúdú.

Olóyè wọlé. Ó wò ó. Ó ṣí fìlà lórí.

"Súbérù."

"Olóyè."

"Kí ni dúdú tó wà lókè mi yẹn?"

"Àyè tó ṣẹ́ kù ni, Olóyè."

"Èyí tó wà nísàlẹ̀ mi ńkọ́?"

"Àyè tó ṣẹ́ kù náà ni."

Olóyè yíjú sí mi. "Káfíńtà, bá mi wò ó. Dúdú lókè, dúdú nísàlẹ̀, èmi láàárín. Níbo lo ti rí irú rẹ̀ rí?"

Ẹnu mi yìí ni yóò pa mí lọ́jọ́ kan. Mo wò ó títí, mo ní, "Olóyè, ó fẹ́ jọ sàréè díẹ̀. Èèpẹ̀ lókè, èèpẹ̀ nísàlẹ̀."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni Olóyè ké. "Wọ́n ti sin mí! Mo wà láàyè, mo jẹ iyán láàárọ̀ yìí, wọ́n ti sin mí sínú gbọ̀ngàn tí mo kọ́! Súbérù, yọ mí níbẹ̀ kíá! Mi ò fẹ́ rí dúdú kankan. Àfi kí n kún férémù yẹn!"

Ẹ gbọ́ ọ? Ẹnu Olóyè fúnra rẹ̀ ni apá kìíní òwe náà ti jáde. Apá kejì ń bọ̀.

Súbérù tẹ bọ́tìnì kan. Fọ́tò náà yí po, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì kún férémù láti òkè délẹ̀. Dúdú lọ ráúráú. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Olóyè ti wà ní ìdùbúlẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wọlé wá wò ó, àfi kó tẹ ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá arúgbó kan gbọ̀pá wọlé, ó wo Olóyè lórí ìdùbúlẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Háà, Ọ̀tún ti lọ! Èèyàn rere ni, sùn-un re o."

Olóyè dá a lóhùn láti ẹ̀yìn rẹ̀: "Mi ò lọ síbì kankan, Màmá!"

Ìyá tí a rò pé kò lè sáré mọ́! Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, ó kọjá mi lẹ́nu ọ̀nà, mi ò tiẹ̀ rí ojú rẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, kò padà wá gbà á.

"Olóyè, ẹ ṣáà ti kún," ni Súbérù wí.

"Mo kún, àmọ́ wọ́n ti tẹ́ mi! Òkú ni wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn. Gbé mi dìde!"

Súbérù gbé e dìde, kò bínú. Ó wá bọ́tìnì mìíràn, èyí tí ń fa fọ́tò. Rìmóòtù yìí di fọ́tò mú lókè, ó dì í mú nísàlẹ̀, ó fà á bí rọ́bà títí tó fi kan igi férémù mi lókè lódò. Ẹ̀yin ará, Olóyè gùn! Ọrùn rẹ̀ gùn bíi ti lékèélékèé, fìlà rẹ̀ ga bí ọmọ odó, ikùn tá a mọ̀ mọ́ ọn wá di nǹkan tá à ń fojú wá. Olóyè alára sún mọ́ ọn, ó ń wá ara rẹ̀, kò rí ara rẹ̀.

Ẹnì kan ti yọ fóònù, ó ti ya ohun tó rí, ó ti fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí fóònù Olóyè fi dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Ìkirè ni, ohùn rẹ̀ sì ga débi pé gbogbo wa là ń gbọ́ ọ.

"Ọ̀jẹ́làbí! Ta ló sọ ọ́ di igi báyìí? Ṣé wọ́n fẹ́ kí ayé máa sọ pé ìyá wa kò bọ́ ọ yó nígbà yẹn ni? Ìyá tó ń bu tèmi kún tìrẹ! Ó ti sùn nínú sàréè, wọ́n tún wá ń bà á lórúkọ jẹ́!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe sùúrù, bọ́tìnì kan ni…"

"Bọ́tìnì wo? Kí wọ́n dá ikùn rẹ padà fún ọ kí ilẹ̀ tó ṣú!"

Bó ṣe kù ọ̀nà kan ṣoṣo nìyẹn. Súbérù la òógùn, ó ṣàlàyé rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Olóyè, mo lè mú fọ́tò náà tóbi, láì fà á, kó máa tóbi títí tó fi máa kún férémù. Ṣùgbọ́n ohun tó bá wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní ráyè mọ́, yóò jáde. Obìnrin kan wà ní ẹ̀gbẹ́ yín níbí, òun á jáde. Orí yín sì tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí náà etí yín kan á bá a lọ."

Olóyè kò wo ibi tó ń nàka sí. Láti àárọ̀ yẹn, ojú ara rẹ̀ nìkan ló ń wò. Ó ní, "Jẹ́ kó máa lọ! Ṣé obìnrin ni wọ́n fẹ́ wá wò ni? Ìwọ ṣáà jẹ́ kí n kún."

Etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ. Èmi náà ti rí obìnrin ọ̀hún, ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ kan létí fọ́tò, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ẹ rántí pé wọ́n ṣì ń pọ̀n mí nígbà náà.

Súbérù tẹ̀ ẹ́, Olóyè sì kún férémù bí iyán ṣe ń kún odó. Ikùn padà. Aṣọ rẹ̀ ń dán. Mo wò ó, orí mi wú, torí férémù mi ló gbé iyì yẹn ró. Etí kan ti lọ lóòótọ́, àmọ́ ta ló ń ka etí ọlọ́lá? Olóyè dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ń kọrin lọ sílé. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó kíyè sí i pé ọmọge yẹn ti jáde, ọwọ́ rẹ̀ kan kò jáde. Ó ṣẹ́ kù sórí orúnkún Olóyè, ọwọ́ rírọ̀, tí wọ́n fi làálì kùn dé ìka, ó sinmi síbẹ̀ bí ẹni tó wà nílé ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Ìyá Kóyèjọ gbé ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá fún àwa tá à ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá yìí fún yín, torí àwọn tó ń yin Olóyè kì í sábà rántí rẹ̀. Òun ló kó àwọn obìnrin ìlú jọ tí wọ́n fi ń pọnmi lódò láràárọ̀ fún búlọ́ọ̀kù gbọ̀ngàn náà. Oyún Kóyèjọ wà níkùn rẹ̀, ó ń pọnmi. Kò sí búlọ́ọ̀kù kan nínú ògiri ọ̀hún tí kò mu nínú omi tó fi orí rẹ̀ rù. Bó bá sì kí ènìyàn, ó máa ń kí i tẹ̀ríntẹ̀rín ni. Mi ò gbọ́ kó jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Olóyè ti wà níbẹ̀ nígbà tó wọlé. "Àwẹ̀ró mi! Wò mí! Ṣé mo kún àbí mi ò kún?"

"Ẹ kún, Baba Kóyèjọ." Ó gbé abọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, ó sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Ọwọ́ ta nìyí?"

"Ọwọ́ wo?"

"Ọwọ́ làálì tó wà lórí orúnkún yín."

Olóyè wo ọwọ́ náà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rí i, mo lè fi Ọlọ́run búra. Ó dákẹ́. Kò pẹ́ púpọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé itọ́ mì lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó, ẹ mọ̀ pé ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń gùn ju ìwàásù lọ.

"Ọdún wo ni wọ́n ya fọ́tò yìí?" ni ìyá náà béèrè.

Súbérù rò pé òun ń ràn wọ́n lọ́wọ́. "Ọdún ìpìlẹ̀ ni, Màmá."

"Ọdún tí mo wọlé yín! Mò ń pọnmi fún búlọ́ọ̀kù, ẹ jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, ẹlòmíràn wá gbé ọwọ́ lé yín lórúnkún?"

"Àwẹ̀ró, bóyá ọwọ́ rẹ ni o."

"Bóyá?" Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú. Ọwọ́ náà ti hunjọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bíi pákó tí mi ò tíì fá. "Ọwọ́ mi rèé. Ọdún méjìlélógójì ló ti ń se oúnjẹ tẹ́ ẹ̀ ń jẹ, ẹ sì ń sọ pé bóyá." Ó wá yíjú sí Súbérù. "Bàbá, ẹ̀yin ẹ kì í parọ́. Ẹni tó ni ọwọ́ yìí, ṣé kò sí nínú fọ́tò náà ni?"

Súbérù wolẹ̀. "Ó wà ńbẹ̀, Màmá. Olóyè ló ní kó máa lọ."

"Olóyè ló ní kó máa lọ." Ó tún un sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Wọ́n mọ̀ ọ́n nìyẹn, wọ́n fẹ́ fi í pamọ́ fún mi ni."

Súbérù gbá rìmóòtù mú kó dá obìnrin náà padà sójú fọ́tò. Ó ti pa fọ́tò náà rẹ́ nínú fóònù rẹ̀, bátìrì rìmóòtù sì ti kú! Láti àná la ti ń tẹ̀ ẹ́ láìsinmi. Ó ń gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ń fi eyín gé bátìrì, Ìyá Kóyèjọ ti so ìró rẹ̀ le, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Kí ẹni tó ni làálì wá bá yín ṣílẹ̀kùn lọ́la." Ó gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ ní ìsàlẹ̀ odò, kò sunkún, kò bú ẹnikẹ́ni. Èmi ni omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ọ̀lẹ̀lẹ̀ wà níwájú wa, kò sẹ́ni tó lè jẹ ẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Olóyè lọ bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló jáde sí i, ó ní, "Ó ní kí n sọ fún yín pé ẹ ti kún, ẹ máa kún lọ." Olóyè padà sílé, kò jẹun alẹ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: Olóyè Ọ̀jẹ́làbí kò jẹun. Ìlú mì nígbà tí wọ́n gbọ́ ọ.

Sátidé mọ́. Ọ̀sán gangan la fẹ́ ṣílẹ̀kùn, àwọn àlejò ti ń wọ̀lú, ìdajì àwọn tó yẹ kó ṣí i sì ti kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Olóyè wá kàn mí ní ṣọ́ọ̀bù yìí, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, "Káfíńtà, bá mi lọ sílé Ìyá Onífọ́tò. Òun nìkan ló lè sọ ẹni tó ni ọwọ́ yẹn. Bí kì í bá ṣe ti Àwẹ̀ró, mo gbé."

A bá Ìyá Onífọ́tò lórí àga rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olóyè rojọ́, ó rojọ́ sàréè, ó rojọ́ ìdùbúlẹ̀, ó rojọ́ ikùn, ó wá kan ọwọ́. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ méjì tó kù fi hàn. Nígbà tó dé ibi tí Olóyè ti ní kí obìnrin náà máa lọ, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, ó wọlé, ó gbé fọ́tò náà gan-an jáde, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

"Ọ̀jẹ́làbí, wo orí rẹ nínú fọ́tò yìí. Ọ̀dọ̀ ta lo tẹ̀ ẹ́ sí?"

Olóyè wò ó.

"Lọ́jọ́ tí mo ya èyí, ẹ̀yin méjèèjì ò wọ inú kámẹ́rà mi. Ìwọ nìkan ti kún un, torí o ti tóbi láti kékeré. Ọkùnrin kan tó dúró níbẹ̀ ní kí ìyàwó tuntun bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní kò ṣeé ṣe, ọmọ yìí ti pọnmi láti ìdájí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ ni, làálì ìgbéyàwó rẹ̀ ò tíì ṣí. Ni mo bá ń fẹ̀yìn rìn. Mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ìwọ lo ṣì kún ibẹ̀. Mo gbé márùn-ún, èjìká ìyàwó yọ. Mo gbé méje, ẹ̀yìn mi kan igi ọsàn, ẹ̀gún rẹ̀ wọ̀ mí lára, ẹ̀yin méjèèjì wá wọlé. Àpá rẹ̀ wà lẹ́yìn mi títí dòní. Èmi fi ẹ̀yìn gba ẹ̀gún kí ọmọ ọlọ́mọ lè ráyè, ìwọ wá fi rìmóòtù lé e jáde?"

Mo ti rí Olóyè níbi ìjà ilẹ̀, mo ti rí i níbi òkú ìyá rẹ̀, mi ò rí ẹkún rẹ̀ rí. Ọjọ́ náà ni mo rí i. Ó gbé fọ́tò náà mọ́ àyà, ó ní, "Àwẹ̀ró mi ni mo lé. Mi ò tiẹ̀ wo ẹni tí mò ń lé." Kò dúró gbọ́ ìdáhùn, ó ti bọ́ sójú ọ̀nà. Èmi àti Ìyá Onífọ́tò ń sá tẹ̀ lé e, ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún sì fi mí sílẹ̀ sẹ́yìn.

Nílé àna rẹ̀, Olóyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀. Ikùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kanlẹ̀, àwọn adìẹ fò. Ìyá Kóyèjọ jáde síta, ó gba fọ́tò náà, ó gbé e sínú oòrùn. Ó wò ó pẹ́. Ó wo ọwọ́ ọmọge náà, ó wá wo tirẹ̀.

"Èmi nìyí," ni ó wí. "Ẹ wò ó, mo ti gbàgbé pé mo ní irú ọwọ́ báyìí rí."

"Jọ̀ọ́, Àwẹ̀ró. Ojú ara mi nìkan ni mò ń wò."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí." Ó fi igun ìró nu fọ́tò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ̀tí. "Ẹ dìde nílẹ̀, aṣọ yín ti kún fún eruku. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

Nígbà tá a dé gbọ̀ngàn, àwọn àlejò ti ń jókòó. Súbérù ti rí bátìrì rà, ó dì í mú bí ẹyin. Olóyè dúró síwájú gbogbo wọn, ó sì pariwo kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè gbọ́: "Súbérù, dín mi kù! Dín mi kù kí Àwẹ̀ró lè wọlé!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbọ́ tí olóyè ní kí wọ́n fi kún òun. Mo ti gbọ́ tí olóyè ní kí wọ́n gbé òun ga. Ọjọ́ tí mo máa gbọ́ kí olóyè kan dúró lójú ayé kó ní kí wọ́n dín òun kù, ọjọ́ yẹn nìkan ni. Bí mo bá rántí rẹ̀, mo máa ń ṣí fìlà.

"Olóyè, dúdú máa padà o," ni Súbérù wí, "lókè àti nísàlẹ̀."

"Kó padà. Bí èmi àti Àwẹ̀ró bá ti jọ wà láàárín rẹ̀, kò sóhun tó burú níbẹ̀."

Súbérù tẹ̀ ẹ́. Olóyè bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, Ìyá Onífọ́tò sì kí i pé, "Etí, ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú àjò." Apá tẹ̀ lé e, èjìká tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọmọge tẹ́ẹ́rẹ́ náà yọ pẹ̀lú ẹ̀rín, omi odò ṣì wà ní etí ìró rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo. Àwọn ìyá tí wọ́n jọ pọnmi nígbà yẹn dìde dúró, wọ́n ń nàka sí i, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀.

Ìyá Kóyèjọ wo ọkọ rẹ̀, ó ń fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ń mú un mọ́ra. "Baba Kóyèjọ, ilé ẹ̀gbọ́n mi ni èmi sùn lánàá. Etí yín tó ti jáde láti Ọjọ́bọ̀ ńkọ́, ilé ta ni òun sùn?"

Háà! A rẹ́rìn-ín títí àga kan fi ṣẹ́. Kì í ṣe èmi ni mo kàn án o. Ìyá Onífọ́tò ló nu ojú rẹ̀ tó sì pa á lówe fún ìgbà àkọ́kọ́, lójú gbogbo ìlú. Ó tún gba rìmóòtù lọ́wọ́ Súbérù, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ní, "Dúdú tẹ́ ẹ̀ ń sá fún yìí, ṣé kò ní bọ́tìnì tirẹ̀ ni?" Ó tẹ ibì kan. Dúdú di àwọ̀ aró, búlúù tó jinlẹ̀, bíi ti àdìrẹ tí Ìyá Kóyèjọ ró nínú fọ́tò náà gẹ́lẹ́. Bọ́tìnì ọ̀hún ti wà níbẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀! Súbérù jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́. Ọjọ́ náà la kọ́kọ́ gbọ́ kí Súbérù bú nǹkan láyé, ó bú rìmóòtù yẹn tìran-tìran. Lọ́sàn-án gangan, gbogbo wa bọ́ síta, a ti ìlẹ̀kùn, tọkọtaya náà di kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo mú, ọwọ́ ìyàwó tó le yẹn lórí ọwọ́ ọkọ rẹ̀, wọ́n sì ṣílẹ̀kùn.

Nítorí náà, ìwọ tó o jókòó sórí pákó, tó o ní kí n kan bẹ́ẹ̀dì láti ògiri dé ògiri, ibo ni ìyàwó rẹ fẹ́ gbà dórí rẹ̀? Ṣé ojú fèrèsé ni? Dìde, padà lọ wọn yàrá náà lẹ́ẹ̀kejì, kó o sì mú ìyàwó dání bó o bá ń wọ̀n ọ́n. Àwa ti rí i rí nílùú yìí: ẹni tó ní àfi kí òun kún férémù, etí rẹ̀ ni yóò sùn síta.